Láfún àti Ẹsẹ̀ Àwọn Sárésáré Wa

Ẹ̀yin olóyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa kò lè dákẹ́ lé lórí. Wọ́n ní oúnjẹ tí kò ní gluten, èyíinì ni ohun tí ń mú ìyẹ̀fun àlìkámà fà, a máa mú ẹsẹ̀ eléré ìje yá. Novak Djokovic, ọmọ Sábíà tí ń gbá tẹ́níìsì, pa á tì ní 2010. Ní 2011 ó gba mẹ́ta nínú ìdíje ńlá mẹ́rin, òkìkí sì kàn. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ dán an wò lára agunkẹ̀kẹ́ ìje 13 tí ara wọ́n dá, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní 2015 pé eré wọn kò yàtọ̀ rárá. Ẹni tí àrùn celiac ń bá jà ni ọ̀ràn náà kàn ní tòótọ́. Oníṣègùn ni kí ó tọ̀ lọ.

Àwa ará Lánlátẹ̀ ńkọ́? Láfún kò ní in, iyán kò ní in, ẹ̀kọ àti ẹ̀wà kò ní in, ìlasa tí a fi ń jẹ òkèlè pàápàá kò ní in. Búrẹ́dì tí a fi owó rà ni ó gbé e wọlé! Èéṣe tí a ó tún fi ra agolo olówó iyebíye nítorí ohun tí kò sí nínú ìkòkò wa? Àbùkù láfún wà níbòmíràn: bí a kò bá rẹ ẹ̀gẹ́ pẹ́, oró rẹ̀ kì í tán, òun nìkan kò sì lè gbé iṣan ró. Nítorí náà, a bẹ àwọn olóyè Ìbàràpá kí wọ́n bá àwọn ọ̀gá ilé-ìwé sọ̀rọ̀, kí owó oúnjẹ àwọn sárésáré máa lọ sórí ẹ̀wà, ẹja àti ẹ̀gúsí oko wa.