Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Ṣeré ní Yàrá Kọ̀ǹpútà

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wa yìí, àgbà kì í bínú sí ọmọ tí ó jókòó ti ọpọ́n ayò, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ó ń ta ayò ń ṣírò. Ṣùgbọ́n bí a bá dárúkọ eré orí kọ̀ǹpútà fún òbí lónìí, ojú a kọ́rẹ́ lọ́wọ́. A kò dá wọn lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ nínú eré tí àwọn ọmọ ń gbé kiri nínú fláàṣì jẹ́ ayédèrú tí ó kún fún fáírọ́ọ̀sì. Àwọn ti orí fóònù ń jẹ dátà, ìpolówó tẹ́tẹ́ a sì máa yọjú láàárín wọn.

Èrò tiwa ni pé kí ilé-ẹ̀kọ́ wa fi Linux sórí àwọn kọ̀ǹpútà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ fi ta á lọ́rẹ, kí a sì yan àwọn eré tí a ṣe fún Linux gan-an sí i. Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, ni ó bẹ̀rẹ̀ Linux ní 1991. A kì í san owó ìwé àṣẹ kí a tó lò ó. Ọgbọ́n wà tí a fi ń mú eré Windows ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ṣòkòtò àgbàwọ̀ ni: bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń báni mu.

Ẹ wo TuxMath. Ìṣirò ń já bọ́ láti ojú ọ̀run bí òkúta, ọmọ sì gbọ́dọ̀ tẹ ìdáhùn kí ó tó balẹ̀ sórí ìlú. Èyí tí ó jẹ́ ààyò wa ni 0 A.D., níbi tí ọmọ ti ń tẹ ìlú dó, tí ó ń dáko, tí ó ń kó ogun jọ. Ní 2018 ni wọ́n fi àwọn ará Kúṣì kún un, àwọn tí olú-ìlú wọn jẹ́ Meroe ní ilẹ̀ Sudan òní. Amanirenas, ọbabìnrin tí ó gbógun ti àwọn ará Róòmù, wà níbẹ̀. Kandake ni oyè irú àwọn ọbabìnrin bẹ́ẹ̀, èyí tí gbogbo wa ti kà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 8, tí ọ̀pọ̀ wa kò sì bèèrè ibi tí ìlú rẹ̀ wà rí.

Kọ̀ǹpútà tí ó ti gbó kò lè gbé 0 A.D. dáadáa, Battle for Wesnoth, tí David White bẹ̀rẹ̀ ní 2003, yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Àwọn ọmọkùnrin yóò bèèrè eré bọ́ọ̀lù tí òkìkí rẹ̀ kàn. Wọn kò ṣe é fún Linux, kí a sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Ohun tí ó wù wá jù nínú Wesnoth ni pé a kò ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọmọ lè ka bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kí ó ya àwòrán ilẹ̀ tirẹ̀, kí ó sì kọ ìtàn ogun tirẹ̀ sí i. Kí ni ó ní kí ọmọ Ìjẹ̀bú má gbé Eredo Sùǹgbọ́, yàrà àwọn baba ńlá wa tí gígùn rẹ̀ ju 160 kìlómítà lọ, sórí àwòrán náà?

Bí a bá ti gba àwọn eré wọ̀nyí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti ta wọ́n mọ́. Wákàtí kan lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tí olùkọ́ wà níbẹ̀, ti tó. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí ẹ ń gbèrò láti ra kọ̀ǹpútà fún ayẹyẹ ọdún yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi owó ìwé àṣẹ Windows kún un. Ẹ fi ra bátìrì ínfátà.