Ta Ló Ní Sójà Nìkan Ló Jagun?

Bí ìyàwó sójà tó ti fẹ̀yìn tì bá wọ bàtà kánfáàsì láàárọ̀ Sátidé ní Abẹ́òkúta yìí, tó ní òun ń lọ ṣeré ìdárayá, ẹ ó gbọ́ ẹnu aráyé: "Ṣé ìwọ lo lọ ojú ogun ni? Kí ló rẹ̀ ọ́?" Bó bá jẹ́ àwọn mẹ́fà ni wọ́n jọ ń lọ, wọ́n á ní àwọn aláìníṣẹ́ tún ti kóra jọ.

Irọ́ gbáà ni. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì bá ẹni tó ti ogun Boko Haram dé sun yàrá kan náà. Ọkọ á ta gìrì lóru, á máa pariwo pé kí gbogbo èèyàn dùbúlẹ̀, òógùn á ti mú aṣọ rẹ̀ rin gbingbin. Ìyàwó ló máa dì í mú, òun náà ló máa sọ fáwọn ọmọ pé àlá lásán ni. Bílẹ̀ bá mọ́, ó di ọjà Ìtokú, níbi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìkòkò aró títí ọjọ́ á fi kanrí. Ìgbà wo ló sùn?

Ó tún wá burú pé Abẹ́òkúta la ti ń sọ ọ́. Ní 1944, Lantoro ni wọ́n kó àwọn sójà tí Ogun Àgbáyé Kejì da orí wọn rú wá. Ibẹ̀ ni ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ Aro ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta gan-an, fi àwọn aláìsàn wọ̀ sáwọn abúlé tó yí Aro ká, ó sì ní kí ẹbí tẹ̀ lé aláìsàn wá. Wọ́n jọ ń gbé, wọ́n jọ ń jẹ. Ayé gbọ́, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fi Lambo ṣe igbákejì ọ̀gá àgbà wọn. Àwa tí a bí i ló wá ń fi ìyàwó sójà ṣẹ̀sín.

Àjọ yẹn kan náà ló ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, ṣeré ìdárayá lọ́sẹ̀. Ẹlòmíràn á ní ẹrù tóun ń rù lọ́jà ti tó. Ó lè tó fún ẹsẹ̀ o! Ṣùgbọ́n ta lẹ máa sọ fún lọ́jà pé ọkọ yín ò sùn lánàá? Ìyàwó sójà ẹgbẹ́ yín ni, nígbà tí ẹ bá jọ ń rìn, tí kò sẹ́ni tó ń wo ojú ẹnì kejì.

Kò dìgbà tí ìjọba bá kọ́ jímù. Ẹ pàdé ní Kútọ̀, ẹ rìn dé Ìbarà, kẹ́ ẹ padà. Kí ẹlẹ́jẹ̀ ríru kọ́kọ́ rí dókítà. Kí ẹni tí orúnkún ń dùn sì gbàgbé àtẹ̀gùn òkè Olúmọ ná. Ọkọ tó bá fẹ́ bá wa lọ, ẹ kú àbọ̀ sà, àmọ́ kẹ́ ẹ fi àṣẹ pípa sílẹ̀ ní báráàkì Alamala. A kì í ṣe rìkúrúùtì.