Ẹ Fi Iṣẹ́ Lé Àwọn Ọ̀dọ́langba Wa Lọ́wọ́

Inú bí mi lọ́jọ́ Sunday kan ní ọgbà ìṣeré kan ní Hendon, ní àríwá London. Ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún 17 lọ kó àwọn ọmọ Júù wẹ́wẹ́ jókòó sórí koríko. Ó fi fèrè kọ́rùn, ó mú bébà tó ti fi bírò kọ nǹkan sí dání. N kò rí bàbá, n kò rí ìyá, n kò rí rábì. Ó ní ká ní ọkọ̀ ojú omi kan fẹ́ rì, ẹrù wo ni wọ́n máa kọ́kọ́ jù sómi, èwo ni wọn kò ní jù láéláé? Ọmọkùnrin kan ní Tórà, ìwé òfin àwọn Júù, kò gbọdọ̀ lọ. Èkejì ní oúnjẹ ni, pé ẹni tí ebi bá pa kú kò ní rí Tórà kà. Ọmọbìnrin náà kò dá ẹjọ́ fún ẹnì kankan. Ìbéèrè mìíràn ló tún bi wọ́n.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Níbo ni àgbà ọjà yìí wà? Mo bi ìyá Júù kan tí a jọ ń gbé àdúgbò, torí ọmọ tirẹ̀ náà wà lára wọn. Ó ní, "Bí mo bá lọ jókòó tì wọ́n, wọ́n á tú ká."

Kì í ṣe àìbìkítà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. Ní 1895, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Albert Goldsmid dá ẹgbẹ́ Jewish Lads' Brigade sílẹ̀ ní ìlà-oòrùn London fún ọmọ àwọn Júù tó sá wá láti Rọ́ṣíà àti Pólándì. Irú Boys' Brigade tí William Smith bẹ̀rẹ̀ ní Glasgow ní 1883 ni, èyí tó dé Èkó ní 1908, tí ọ̀pọ̀ nínú wa sì ti bá lu ìlù yí àdúgbò po. Ní 1929 ni Habonim, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Júù mìíràn, tún bẹ̀rẹ̀ ní ìlà-oòrùn London kan náà. Nínú irú ẹgbẹ́ bíi Habonim, ẹni tí wọ́n ń pè ní madrich ló ń darí ọmọdé, ọ̀dọ́ bíi tiwọn tó fi ọdún díẹ̀ jù wọ́n lọ ni. Wọ́n á kọ́ ọ níṣẹ́ ìdarí, yóò kó ọmọ lọ pàgọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà ìpàdé ọdọọdún, àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn ló ń dìbò lórí òfin ẹgbẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Júù BBYO, tí gbòǹgbò rẹ̀ ti Omaha wá ní 1923, ń jẹ́ kí àwọn ọmọ ọdún 13 sí 18 fi ìbò yan olóyè tiwọn.

Ẹ̀rù wà lára ohun tó bí ọgbọ́n náà. Ọmọkùnrin Júù á ṣe bar mitzvah, ayẹyẹ ìdàgbà nínú ẹ̀sìn wọn, lọ́mọ ọdún 13. Bí wọ́n bá ti jó tán, tí wọ́n jẹun tán, ọ̀pọ̀ kì í padà sí kíláàsì ẹ̀sìn mọ́. Àwọn àgbà wọn rí i pé ìwàásù nìkan kò lè dá ọmọ náà dúró. Iṣẹ́ tó bá jẹ́ tirẹ̀ ló lè dá a dúró.

Ìbínú mi wá yí padà sọ́dọ̀ wa. Láti Peckham títí dé Houston, kí ni ọ̀dọ́langba ń ṣe nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa? Wọ́n ń to àga, wọ́n ń pín ìrẹsì. Bí ìgbìmọ̀ ìkórè bá fẹ́ jókòó, a ó ní kí wọ́n jáde. Mo mọ ọmọkùnrin kan tó ń di kámẹ́rà ìjọ mú láti kékeré, tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè rí pé kí ló rò. Ó lọ sí yunifásítì, kò sì dé ọ̀dọ̀ wa mọ́. Ìyá rẹ̀ ń sunkún pé London ló gba ọmọ òun. Àwa la kò fún un ní nǹkan kan tí yóò tìtorí rẹ̀ padà.

Owó àgọ́ àwọn Júù kò kéré, kò sì pọn dandan ká ṣe é bíi tiwọn. Ìjẹ̀bú ní régbérégbé, níbi tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ti ń dáwó jọ, tí wọ́n ń tún ìlú ṣe, tí wọ́n sì ń jáde lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, láìjẹ́ pé ẹnì kan ń dá wọn lọ́nà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ìlú òkèèrè la wá gbàgbé apá ti ọmọdé.

Ẹ̀yin àgbà ìjọ àti ẹgbẹ́, ẹ fún wọn ní ọjọ́ kan péré nínú ọdún yìí. Ẹ gbé owó ọjọ́ náà lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n dìbò yan olórí wọn, kí wọ́n pinnu ohun tí wọ́n máa kọ́ àwọn àbúrò wọn. Kí àwa lọ jókòó sẹ́yìn, ká má ṣe gba maíkì lọ́wọ́ wọn.