Fẹlá Méjì Ni Ẹ̀gbá Ní

Bí olùkọ́ bá dárúkọ Fẹlá ní kíláàsì kan ní Abẹ́òkúta, Aníkúlápò nìkan ni ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ sí. Kò sí ẹ̀bi níbẹ̀. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí i ní 1938, òkìkí rẹ̀ sì kàn ká gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n Fẹlá mìíràn ti wà ṣáájú rẹ̀. Fẹlá Ṣówándé, ọmọ ìdílé Ẹ̀gbá, tí wọ́n bí ní 1905, tó sì papòdà ní 1987 ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, jẹ́ aṣáájú láàárín àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kọ orin sílẹ̀ fún dùùrù àti fún ẹgbẹ́ onígòjé. Bí ọmọ Ẹ̀gbá bá jáde ilé-ìwé girama láì gbọ́ orúkọ yìí rí, àbùkù ni. Àbùkù náà kì í sì í ṣe ti òkú, ti alààyè ni.

Àwíjàre tó wọ́pọ̀ jù ni pé orin òyìnbó ni orin Ṣówándé. Kí ni ẹ̀rí wọn? Wọ́n ní ó lu dùùrù, ó sì kàwé ní London. Bí ohun èlò bá lè sọ orin di ti àjòjì, kí ni kí wọ́n wá sọ nípa sakisofóònù tí Aníkúlápò fọn? Ṣebí ará Bẹ́ljíọ̀mù ló ṣe é. Kò sẹ́ni tó tìtorí bẹ́ẹ̀ pe Aníkúlápò ní òyìnbó. Òṣùwọ̀n méjì ni wọ́n fi ń wọn ọmọ ìyá kan náà.

Ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá gan-an ló tú irọ́ yìí fó. Akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé dò, re, mí ni ohùn Yorùbá. Dò dò ni ìgbà. Re re ni igba. Re mí ni igbá. Bí ohùn orin bá gun òkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, ìtumọ̀ yóò dàrú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ orin ìjọ nìyẹn, nígbà tí wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì fi ohùn wọn sílẹ̀ bó ti wà. Ohùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń kọ ẹsẹ kìíní títí dé èyí tó kẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ inú ẹsẹ wọ̀nyí kò gba ohùn kan náà.

Àwọn àgbà kò dákẹ́ sí i. Ní Abẹ́òkúta, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá tó bí bàbá Aníkúlápò, fi ohùn ilẹ̀ wa kọ orin ìyìn, ó sì kọ wọ́n sínú àwo ní London ní 1922 fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Ní Èkó, T. K. E. Phillips, tó kọ́ Ṣówándé ní dùùrù ní kàtídírà, kọ ìwé Yoruba Music, tó jáde ní 1953, lórí orin ilẹ̀ Yorùbá.

Iṣẹ́ wọn ni Ṣówándé gbà tó sì gbé lọ síwájú. Ó dé London ní 1934, ó lu jáàsì níbẹ̀, ó sì yege ìdánwò ńlá àwọn alùdùùrù, ti Royal College of Organists, ní 1943. Síbẹ̀, nígbà tó kọ Ọbáńgíjì àti Oyígíyigì fún dùùrù, ohùn orin tí ẹnu Yorùbá ti kọ ló mú. Ẹni tó mọ orin náà yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ níbi tí kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tó gbédè ìlù ṣe ń gbọ́ oríkì lẹ́nu dùndún. Òótọ́ ni pé ìlànà tó fi to àwọn ohùn mìíràn sábẹ́ orin náà, ilẹ̀ òyìnbó ló ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n aṣọ ni wọ́n rà lọ́jà, ara tó wọ̀ ọ́ kì í ṣe ti ọjà.

Ní 1944, ó kọ African Suite fún gòjé àti àwọn ohun èlò olókùn mìíràn. Orin háíláìfù ni ó fi ṣe ìpín tó kẹ́yìn, tí ń jẹ́ Akínlà. Orin yìí kan náà ni ilé iṣẹ́ rédíò CBC ní Kánádà fi ṣe àmì ètò Gilmour's Albums fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960, ó kọ Folk Symphony fún ayẹyẹ náà. Ṣé ó wá yẹ kí àgbàlagbà ní Toronto dá Akínlà mọ̀, kí ọmọ Aké àti Ìbarà má dá a mọ̀?

Wọn yóò ní kò sí dùùrù ní ilé-ìwé. Ta ló béèrè dùùrù? Ohùn ọmọ ènìyàn kì í ṣe títà. Kí olùkọ́ orin wá àwo Ọbáńgíjì, kí kíláàsì gbọ́ ọ. Kí olùkọ́ Yorùbá ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ orin ìjọ kan sílẹ̀, kí wọ́n fi àmì ohùn sí i, kí wọ́n sì wo ibi tí orin ti ṣẹ̀ sí ọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú ogójì tó fún èyí.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn olùkọ́ ni àgbà ọjà yìí. Bí wọn kò bá dárúkọ Ṣówándé fún ọmọ Ẹ̀gbá, àjòjì ni yóò wá kọ́ ọ ní orúkọ ará ilé rẹ̀.