Nígbàtí Aláàbọ̀ Ara Bá Ní Láti Kó Kúrò Nílé

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn wa, a sì ti ń retí pé ẹni tí ó jù wá lọ yóò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbàtí a kò gbọ́ ohùn ẹnìkan, àwa kò lè pa ẹnu mọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ni ti aláàbọ̀ ara tí kò ní owó púpọ̀ lọ́wọ́, tí onílé sì fún ní ìwé pé kí ó kó jáde. A mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, yóò bèèrè pé, "Kí ni ti ìwé ìròyìn Ẹgbẹ́ nínú ọ̀ràn onílé àti ayálégbé?" Ìdáhùn wa ni pé, Ẹgbẹ́ tí ó ń pariwo àṣà Yorùbá lójoojúmọ́, tí kò sì bèèrè ibi tí arọ ìlú yóò sùn sí, orúkọ àṣà nìkan ni ó dì mú, àṣà fúnra rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

A mọ ọkùnrin kan ní Èkó, tí a kì yóò dárúkọ rẹ̀, tí ó ń ṣe bàtà. Rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni ó mú un ní kékeré, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rọ, orí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara ni ó sì ń jókòó lọ sí ibi iṣẹ́. Òótọ́ ni pé ní August 2020 a kéde pé ilẹ̀ Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò àrùn náà ti àdánidá. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti rọ lẹ́sẹ̀ kí ó tó lọ ṣì wà láàrin wa, wọ́n sì ti di baba àti ìyá ọmọ. Onílé ọkùnrin yìí ta ilé. Ẹni tí ó rà á fẹ́ wó o kí ó tún un kọ́. Ayálégbé wa kò jẹ gbèsè owó ilé, kò sì bá ẹnìkan jà, síbẹ̀ ó di dandan kí ó kó. Oṣù 4 ni ó fi wá yàrá kiri. Èyí tí agbára rẹ̀ ká, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ó wà. Èyí tí ó wà nísàlẹ̀, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò gba kẹ̀kẹ́. Èyí tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gba kẹ̀kẹ́, onílé wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní ẹnìkan ti san owó rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé lọ bèèrè yàrá kan náà, wọ́n sì mú kọ́kọ́rọ́, wọ́n ṣí i hàn án.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò, nítorípé àánú lásán kì í san owó ilé. Òfin owó oṣù tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2024 fi 70,000 náírà lélẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó tí ó kéré jù fún òṣìṣẹ́ lóṣù. Èyí jẹ́ 840,000 náírà lọ́dún. Ẹ jẹ́ kí a mú un pé ẹni tí ó ń gba iye yìí rí yàrá àti pálọ̀ ní 400,000 náírà lọ́dún. Bí ajẹ́ńtì bá gba ìdá 10 nínú 100, èyí di 40,000. Bí owó àgírímẹ́ǹtì bá jẹ́ 40,000 mìíràn, tí owó kọ́ṣọ̀n tí onílé yóò dì mú nítorí ohun tí ó lè bàjẹ́ sì tún jẹ́ 40,000, àpapọ̀ rẹ̀ di 520,000 náírà. Èyí ju owó iṣẹ́ oṣù 7 lọ, a kò sì tíì gbé àga kan kúrò nílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni a óò sì bèèrè gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìdí ọ̀ràn wà. Ẹni tí ó lè fi ìsapá san nǹkan bí 33,000 náírà lóṣooṣù kò rí 520,000 mú jáde ní ọjọ́ kan, bí kò ṣe pé ó yá owó èlé tàbí kí ó ta irin iṣẹ́ rẹ̀.

Ìṣirò ẹni tí ara rẹ̀ pé sì ni èyí. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè fi ẹsẹ̀ rìn wo ilé 10 kí ó tó rí ọ̀kan. Ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ yóò háyà ọkọ̀ lọ, yóò háyà ọkọ̀ bọ̀, nítorípé ọ̀pọ̀ awakọ̀ dánfó kì í dúró kí a gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sínú ọkọ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù ní May 2023, tí lítà kan fò láti ìsàlẹ̀ 200 náírà kọjá 480 láàrin ọjọ́ díẹ̀, owó ọkọ̀ kò tún rí bí ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń kó ilé a máa bẹ ọ̀rẹ́ méjì, òun náà a sì gbé tirẹ̀. Aláàbọ̀ ara yóò san owó alábàárù lórí ohun gbogbo. Bí ó bá dé ilé titun, iṣẹ́ káfíńtà bẹ̀rẹ̀: a ní láti fi pákó ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́ sórí òkúta ẹnu ọ̀nà, kí a yọ férémù ilẹ̀kùn fẹ̀ sí i, kí a kan irin mọ́ ara ògiri ilé ìyàgbẹ́ kí ó lè rí nǹkan dì mú. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ohun tí a kò lè fi náírà kà: oníbàárà tí ó mọ ìsọ̀ rẹ̀, ọmọ aládùúgbò tí ó ń bá a pọn omi, ìyá alágbo ìwájú ilé tí ó ń ké sí àwọn ènìyàn pé kí wọ́n bá a gbé kẹ̀kẹ́ kọjá gọ́tà. Gbogbo wọn ni yóò fi sílẹ̀ ní ọjọ́ kan.

Èyí kì í ṣe àròsọ. Nígbàtí a bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó ní 1955, tí a sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè, ilé tí wọ́n bá níbẹ̀ dára ju èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ. Síbẹ̀ Peter Marris, tí ó tẹ ìwé ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1961, rí i pé òwò ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dínkù, ẹbí sì ti jìnnà sí ara wọn tóbẹ́ẹ̀ tí wọn kò fi lè ran ara wọn lọ́wọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá. Ní July 1990 a wó Màrókò, a sì lé àwọn tí a ṣírò sí nǹkan bí 300,000 ènìyàn jáde. Ta ni ó bèèrè iye arọ, afọ́jú àti adití tí ó wà láàrin wọn? Bí kíkó kúrò nílé bá le tó báyìí fún ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, báwo ni yóò ti rí fún ẹni tí ó jẹ́ pé àwọn aládùúgbò rẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn wò. Àwọn baba wa gbà pé Ọbàtálá ni ó ń mọ ènìyàn, òun ni ó sì mọ abuké, arọ, àfín àti aràrá. Nítorínáà ni a ṣe ń pè wọ́n ní ẹni òrìṣà, tí a sì kà á sí èèwọ̀ láti fi wọ́n ṣẹ̀sín. A kò wí pé gbogbo baba ni ó pa èèwọ̀ náà mọ́. Àwọn kan fi ọmọ wọn pamọ́ sí ìyẹ̀wù títí ọjọ́ ikú. Ṣùgbọ́n nínú agbo ilé, arọ kì í san owó ilé. Ìpín tirẹ̀ wà nínú ilé baba rẹ̀. Ilẹ̀ ni ilé náà wà, kò sí àtẹ̀gùn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì gba gbogbo ènìyàn. Bí òrùlé bá jò, ọ̀wẹ̀ ni a fi ń tún un ṣe: a ó pe ará, ará yóò jẹ́ ìpè, a ó sì fi oúnjẹ ṣe wọ́n lálejò. Bí a bá nílò owó ńlá lẹ́ẹ̀kan, èsúsú wà, èyí tí Samuel Johnson kò gbàgbé láti ṣàlàyé nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti owó ilé ọlọ́dún kan ni ó jẹ́ titun sí wa. Ọgbọ́n tí a lè fi borí wọn kì í ṣe titun.

Òfin pẹ̀lú kò ṣàìsí. Òfin onílé àti ayálégbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 kọ̀ fún onílé láti bèèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé titun; ó fi oṣù 6 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àkókò ìkìlọ̀ fún ẹni tí ń san owó ọdọọdún, bí kò bá sí àdéhùn mìíràn láàrin wọn. Kì í ṣe gbogbo Èkó ni òfin náà kàn, nítorí a yọ Ìkòyí, Apápá, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tálákà kò gbé ibẹ̀. Ní ọdún 2011 kan náà ni Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin fún àwọn aláàbọ̀ ara, tí ó sì dá ọ́fíìsì LASODA sílẹ̀ nítorí wọn. Ní January 2019, Ààrẹ Buhari fi ọwọ́ sí òfin ilẹ̀ gbogbo pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àbùkù ara ya ènìyàn sọ́tọ̀. Ìtanràn ẹni tí ó bá rú u jẹ́ 100,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí méjèèjì. Òfin náà fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ní ọdún 5 láti tún àtẹ̀gùn wọn ṣe, ọdún 5 náà sì pé ní January 2024. Ṣùgbọ́n òfin kì í dìde rìn fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò rí owó ọkọ̀ wo yàrá, níbo ni yóò ti rí owó lọ́yà?

A kò kọ̀wé yìí láti bú onílé. Onílé mìíràn jẹ́ opó, tàbí òṣìṣẹ́ tí ó ti fẹ̀yìntì, tí ó jẹ́ pé owó yàrá mẹ́ta tí ó háyà ni oúnjẹ rẹ̀. Ó bẹ̀rù pé bí òun bá gba aláàbọ̀ ara, òun kò ní lè bèèrè owó òun láìjẹ́ pé ayé pe òun ní ìkà. Ẹ̀rù yìí yé wa. A kò sì bẹ̀ ẹ́ kí ó fi ilé rẹ̀ ta lọ́rẹ. Ohun tí a ń tọrọ ni pé kí ó jẹ́ kí ìsàlẹ̀ ilé wà fún ẹni tí kò lè gun òkè, kí ó má sì fi pákó tí a kàn sẹ́nu ọ̀nà ṣe ẹ̀sùn.

Ní ti Ẹgbẹ́ wa, àbá wa nìyí. Èkíní, kí a dá àjọ ìkólé sílẹ̀. Bí ọmọ Ẹgbẹ́ 50 bá ń dá 2,000 náírà lóṣooṣù, ó di 1,200,000 lọ́dún. Nínú rẹ̀ a lè yá ènìyàn méjì ní owó ilé 400,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa dá a padà ní nǹkan bí 33,000 lóṣù láìsí èlé. A lè fi 120,000 ti ajẹ́ńtì, ti àgírímẹ́ǹtì àti ti kọ́ṣọ̀n ta ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́rẹ. 160,000 yóò sì ṣẹ́kù fún ọkọ̀ akẹ́rù àti káfíńtà. Ẹrù náà kò fúyẹ́, nítorí 33,000 súnmọ́ ìdajì owó oṣù. Ṣùgbọ́n ó di ohun tí a lè gbé. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, 800,000 tí a yá wọn yóò ti padà wọlé fún ẹlòmíràn.

Èkejì, kí a sọ ọ̀wẹ̀ jí. Ọmọ Ẹgbẹ́ 10 ní ọjọ́ Sátidé kan lè gba owó alábàárù sílẹ̀ fún aláìní. Ẹ̀kẹta, kí ìjòyè àdúgbò kọ̀ọ̀kan mọ yàrá ìsàlẹ̀ tí ó ṣófo ní àdúgbò rẹ̀, kí ó sì ṣe onígbọ̀wọ́ fún ayálégbé tí ìwà rẹ̀ dára. Ọ̀rọ̀ ẹnu ìjòyè níwájú onílé ju ìwé púpọ̀ lọ. Ẹ̀kẹrin, kí ẹ̀yin amòfin tí ẹ wà láàrin wa máa ka ìwé ìkìlọ̀ tí a fún irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ sì sọ fún un pé láti ọjọ́ tí ìwé bá ti dé ni kí ó ti máa wá ilé, kí ó wọn ẹnu ọ̀nà kí ó tó san kọ́bọ̀, kí ó má sì sanwó láìgba rìsíìtì.

Ẹ̀yin ìjòyè wa, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé wa, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Òṣogbo kò bọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń ga sí i níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò sì sí ẹni tí ó mọ ohun tí ọkọ̀ ojú pópó tàbí àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru lè fi ẹsẹ̀ òun ṣe lọ́la. Aṣebàtà tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì rí yàrá. Ní òru tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, inú ìsọ̀ rẹ̀ ni ó ń sùn, láàrin awọ àti gọ́ọ̀mù, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì sì wà lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ títí ilé yóò fi wà. Ní ìpàdé oṣù tí ń bọ̀, kí Akápò gbé ìwé àjọ ìkólé síwájú Ẹgbẹ́. Àwa tí a kọ ọ̀rọ̀ yìí ni a ó kọ́kọ́ fi orúkọ sílẹ̀.