Ẹ Wá Nígbà Òjò
Àwọn kan ń gba àlejò níyànjú pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù kejìlá dé oṣù kejì, ló yẹ láti ṣàbẹ̀wò sí Adja-Ouèrè, nítorí pé ọ̀nà gbẹ. Àwa kò gbà. Lóòótọ́, ilẹ̀ dúdú Ọ̀họ̀rí a máa di ẹrẹ̀ bí òjò bá dé. Ṣùgbọ́n ìgbà náà ni àgbàdo ń hù, tí àgbẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́. Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀, tí a dá sílẹ̀ ní Kétu ní 2013, fẹ́ kọ́ nínú oko gbígbẹ? Àlejò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kò sì mọ ohun tí ojú aláboyún ń rí nínú ẹrẹ̀ wa. Ẹ wá nígbà òjò, kí a jọ béèrè àtúnṣe ọ̀nà lọ́wọ́ ìjọba.