Ìrínisí Ni Ìsọnilọ́jọ̀: Ojú Ẹ̀rọ Ìkọ̀wé Wa Ńkọ́?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Bí òwe yìí ti ń bá ènìyàn wí, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń bá irinṣẹ́ wí. Agbára káká ni a fi lè rí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lóde òní tí kò fi kọ̀ǹpútà kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Ìbáà ṣe Microsoft Word ni ó ń lò, ìbáà ṣe LibreOffice, àyè wà fún un láti yí ojú rẹ̀ padà. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni pé: nítorí kí ni a ṣe ń yí i padà?

Ohun tí mo ń rí láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ ni pé àwọ̀ ni a ń lé. Ẹni kan sọ ojú tirẹ̀ di dúdú, ẹnì kejì sọ tirẹ̀ di aláràbarà. N kò bá wọn jà, nítorí ojú dúdú a máa tu ẹlòmíràn lára bí ó bá ń ṣiṣẹ́ lóru. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kun ojú ẹ̀rọ tán, tí ó wá ń kọ ‘oko’ sílẹ̀ lásán, tí a kò mọ̀ bóyá ọkọ ni, tàbí ọkọ́, tàbí ọkọ̀, tàbí ọ̀kọ̀, aṣọ ijó ni onítọ̀hún rà, kò tíì ra irinṣẹ́.

Ojú tí ẹ̀rọ yìí gbé wá kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run. Ènìyàn ni ó tò ó, ènìyàn náà ni ó sì ń tún un tò. Ní ọdún 2007, Microsoft kó ọ̀pọ̀ ohun tí a ti mọ̀ lójú Word kúrò, wọ́n sì fi ìgbàjá fẹ̀ǹfẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ribbon rọ́pò rẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, Calibri gba ipò Times New Roman. Ní ọdún 2023, Aptos tún gbà á lọ́wọ́ Calibri. Ní ti LibreOffice, tí ó yà kúrò lára OpenOffice.org ní ọdún 2010, ó fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ń lò ó láti yan bóyá ètò àtijọ́ ni ó fẹ́ tàbí ti ìgbàlódé. Bí àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ bá ń yí ojú rẹ̀ padà, kí ni ó dé tí àwa náà kò fi ní yí i sí ọ̀nà tí yóò fi gba èdè wa?

Ohun mẹ́ta ni mo rò pé ó yẹ kí ó ṣáájú àwọ̀. Èkíní ni lẹ́tà. Bí ẹ, ọ àti ṣ bá fara pa mọ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí, ọ̀lẹ yóò fò wọ́n. Nínú Word, a lè lọ sí Insert, kí a mú Symbol, kí a sì yan bọ́tìnnì tí yóò máa gbé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jáde. Nínú LibreOffice, a lè kó wọn sáàárín àwọn lẹ́tà ààyò, kí wọ́n máa wà lárọ̀ọ́wọ́tó. Èkejì ni pé kí a sọ fún ẹ̀rọ pé Yorùbá ni a ń kọ. Lábẹ́ Review ni èyí wà nínú Word. Lábẹ́ Tools ni ó wà nínú LibreOffice. Bí a kò bá sọ fún un, yóò máa fi ìlà pupa sábẹ́ ọ̀rọ̀ wa bí ẹni pé Gẹ̀ẹ́sì ni a ṣì kọ. Ẹ̀kẹta ni irú ìkọ̀wé tí a yàn. Ẹ́ àti ọ̀ kò ní àyè tiwọn gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú ètò Unicode. Ńṣe ni a ń gbé àmì ohùn lé ẹ àti ọ lórí. Bí ìkọ̀wé tí a yàn kò bá mọ̀ ọ́n gbé, àmì yóò yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́.

Àwọn kan yóò ní aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá, pé kí a fi ẹ̀rọ sílẹ̀ bí a ti rà á. Àwọn mìíràn yóò ní ẹ̀rọ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ kì í ṣe ti ẹnì kan. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, nítorí bí olúkúlùkù bá ń tú ẹ̀rọ àjùmọ̀lò tò, ẹni tí ó tẹ̀ lé e yóò ṣìnà. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a fi ẹnu kò lórí ètò kan ṣoṣo, kí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ sì tò ó sórí gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀. Ohun tí ọwọ́ kò tó, gọ̀ǹgọ̀ ni a fi ń fà á. Ṣùgbọ́n lẹ́tà èdè ẹni kò yẹ ní ohun tí a ó máa fi gọ̀ǹgọ̀ fà.

Láti ọdún 1974 ni ìjọba ti fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò. Nígbà náà, tápúrétà kò ní àmì wọ̀nyí, a sì máa ń fi gègé kún un lẹ́yìn tí a bá tẹ̀wé tán. Lónìí, àwáwí yẹn ti tán. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má ṣe gba iṣẹ́ tí kò ní àmì mọ́. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kun ojú ẹ̀rọ yín ní àwọ̀ tí ó wù yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí Yorùbá kọ́kọ́ ríbi jókòó níbẹ̀.